Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Ọ̀nà Tokpa?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, wọn kò sì purọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Saint-Michel ní Kútọnu ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọjà Dantokpa, tí a ń pè ní Tokpa, bá kún dẹ́múdẹ́mú, tí ó rí bí àwọn ìyá aláta ti tẹ́ àtẹ láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù títí dé ibi tí táyà ọkọ̀ ń yí sí, tí àwọn zémidjan ẹlẹ́wù ìyeyè ń fi ọ̀kadà gba àlàfo tóóró kọjá, tí alábàárù tí ó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì sórí sì ń ké "Àgò! Àgò o!" láìsí ẹni tí ó rí ibi tí yóò yà sí, olúwarẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàyéfì bóyá ọ̀nà kan ṣoṣo tilẹ̀ ṣẹ́ kù tí ó wọ ọjà yìí.

Kì í ṣe òní ni ìjọba ti ń sọ pé Dantokpa yóò kúrò níbi tí ó wà. Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé kí àwọn tí ń ta ọjà lódìdì kó lọ sí Akassato ní agbègbè Abomey-Calavi, kí àwọn tí ń ta wẹ́wẹ́ pín ara wọn sí àwọn ọjà tuntun káàkiri ìlú, kí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 20 hẹ́kítà tí Tokpa tẹ́ rẹrẹ lé ní etí ọ̀sà sì di ohun mìíràn. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ohun tí ó wà lẹ́nu tẹrú-tọmọ ni ìsọ̀: ta ni yóò rí ìsọ̀ gbà, èló ni owó rẹ̀, ǹjẹ́ àwọn oníbàárà yóò tẹ̀ lé ọlọ́jà dé ọ̀nà jíjìn bí? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni gbogbo wọn, a kò sì fi ọwọ́ rọ́ ọ̀kankan sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yìí, a kò tí ì gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀nà: àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àwọn kọ̀rọ̀ tóóró, àwọn ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, tí ìran mẹ́ta ti ń tọ̀ láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìsọ̀ kì í ṣàìní alágbàwí, nítorí ẹni tí ó ni ín yóò jà fún un. Ọ̀nà ni kò ní, nítorí pé ti gbogbo wa ni, oníkálukú sì rò pé ẹlòmíràn ni yóò sọ̀rọ̀.

Kí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí má ṣe rò pé títì ọlọ́dà nìkan ni à ń wí. Láti ọdún 1963 tí ọjà ti wà ní etí ọ̀sà náà ni omi ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láti Ganvié, láti Sô-Ava, láti Aguégués, àwọn obìnrin a gbéra pẹ̀lú ẹja àti ẹ̀fọ́, wọn a gba orí ọ̀sà Nokoué kọjá nínú ọkọ̀ pẹẹrẹ, wọn a sì gúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn ọjà, níbi tí ẹrẹ̀ àti pàǹtí ti dà pọ̀ mọ́ omi. Ibẹ̀ ni alábàárù ti ń gba ẹrù. Ẹ wò ó bí ó ti ń rìn: ó ti gbé òṣùká lé orí, ọrùn rẹ̀ le gbọnrangandan, kò lè wo ilẹ̀, kò sì lè yí ojú sọ́tùn-ún sósì, àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó fi ń mọ pákó tí ó ti jẹrà lórí gọ́tà kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ó mọ ibi tí kọ̀rọ̀ elépo ti pàdé kọ̀rọ̀ aláṣọ, ó mọ ibi tí ọmọlanke kò ti lè yí padà, ó sì mọ ibi tí òun lè sọ ẹrù kalẹ̀ kí òun mí, nítorí pé ìyá ọlọ́ṣẹ kan ti fi àyè sílẹ̀ níwájú àtẹ rẹ̀ fún irú rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Bí a bá ní kí a wá ìwé tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, orí àti ẹsẹ̀ àwọn tí ń rìn ín ni a ó bá a. Ọjọ́ tí wọn kò bá rìn ín mọ́, ọ̀nà náà ti kú nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìgbà tí a sin ín.

Àwọn baba ńlá wa kò fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà ṣeré. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ìdílé, igi orí rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹni tí ó gbìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀nà odò, ọ̀nà oko àti ọ̀nà ọjà, ti ìlú ni. Ẹni tí ó bá sì ro oko dí ọ̀nà odò, bí ó ti wù kí ó lówó tó, kí ó sì lénìyàn tó, ìlú yóò ṣán ọ̀nà náà padà. Oríta ní ẹni tí ó ni ín. Èṣù Láàlú, Láaróyè, onílé oríta, ẹni tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Legba tí wọ́n sì mọ ère rẹ̀ sí ẹnu ọjà gẹ́gẹ́ bí tiwa, ni àwọn àgbà fi ṣọ́ ibẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi àtẹ tàbí ògiri gba oríta lè rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ máa da epo sí oríta. Ohun tí a ń wí ni pé kí òyìnbó tó kọ òfin títì lé wa lọ́wọ́, a ti mọ̀ pé àyè kan wà tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ di tirẹ̀.

A sì ti rí i pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá di ọ̀nà mú, ó di ọ̀fun mú. Nígbà ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí kò sì tú ká pátápátá títí di ọdún 1893, ọ̀nà dídí mú ju ìbọn lọ: Ìjẹ̀bú a dí tirẹ̀, Ẹ̀gbá a dí tirẹ̀, iyọ̀ àti ẹ̀tù a sì di ọ̀wọ́n gógó ní Ìbàdàn. Ìjẹ̀bú kò sì ṣàìní ìdí, nítorí pé àárín òkè àti ọ̀sà ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí ará òkè bá ń kọjá tààrà lọ sí Èkó, kí ni yóò kù fún un? Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Èkó àti àwọn míṣọ́nnárì kò dẹ́kun láti máa pariwo pé kí ọ̀nà ṣí. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pàdé Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, ọ̀nà sì ṣí lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí ó bá wọn ṣí i kò padà sílé mọ́ fún nǹkan bí 70 ọdún. Ní ìhà tiwa níhìn-ín, Faransé kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà bojú, èbúté ni ó ń wá: lẹ́yìn ìjà ọdún 1890, ó gbà láti máa san 20,000 fáráǹkì lọ́dọọdún fún ọba Dàhómì kí Kútọnu lè wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1894, Béhanzin, ọba náà, ti di ẹni tí a kó lọ sí ìgbèkùn ní Martinique. Láti ìgbà náà ni ara ti ń fu àwọn tí ó gbọ́n nínú wa nígbà tí alágbára bá dé tí ó ní òun wá láti la ọ̀nà, wọn a sì kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò máa gbà á kọjá nígbà tí ó bá là tán.

Ìfura yẹn ni ó mú Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja Eréko, ajíṣọ̀rọ̀-má-bojú-wẹ̀yìn, tí kò ka ìwé ṣùgbọ́n tí ó ka ojú ìjọba bí ẹni ka ojú ọ̀run, láti ṣíwájú àwọn obìnrin ọjà Èkó nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó ọjà Eréko kúrò níbi tí ó wà lẹ́yìn ọdún 1930. Wọn kò kó o. Obìnrin kan náà ni ó tún dojú kọ ìjọba lákòókò ogun Hitler, nígbà tí Captain Pullen, tí ìjọba fi ṣe alákòóso iye oúnjẹ, fẹ́ máa bá àwọn ìyá ọlọ́jà dá iye lé gàrí tí òun kò bá wọn gbìn, títí tí ètò náà fi fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kú ní ọdún 1951. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ò sì lè sọ̀rọ̀ ọ̀nà ọjà kí a gbàgbé pé ẹni tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà náà ní ẹ̀tọ́ tí a ti jà fún, tí ó dàgbà ju ẹ̀tọ́ ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ilẹ̀ òyìnbó ni ọ̀nà ti já bọ́ láti ọ̀run láìsí ìjà, kí ó gbọ́ ìtàn àwọn arìnrìn-àjò Manchester. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni wọ́n, èéfín a máa bò wọ́n láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sì fẹ́ fi ọjọ́ Ìsinmi gun òkè Kinder Scout kí wọ́n lè mí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá ti sọ òkè náà di ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn fún ẹyẹ, wọ́n sì fi ọdẹ ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wọn, tí Benny Rothman, ọmọ 20 ọdún, ṣíwájú fún, fi ẹsẹ̀ ara wọn gun òkè náà ní ojú mọmọ. A sọ márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Oṣù mẹ́rin ni ti Rothman. Ìtàn yìí ni gbogbo ayé mọ̀, òun ni wọ́n sì ń kọrin lé lórí. Èyí tí àwa kà sí iṣẹ́ jù lọ ni ohun tí kò ní ariwo nínú: ní ọdún 1932 yìí kan náà ni wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ pé ọ̀nà tí ará ìlú bá ti rìn fún 20 ọdún láìtọrọ, láìjí rìn, láìsí ẹni tí ó dá wọn dúró, ọ̀nà ìlú ni, nígbà tí ó sì di ọdún 1949, òfin mìíràn pàṣẹ fún àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ pé kí wọ́n ya gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí orí àwòrán ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sẹ́ ẹ mọ́. Láti abúlé dé abúlé ni àwọn arúgbó ti jáde wá jẹ́rìí pé ọ̀nà báyìí ni bàbá àwọn gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà báyìí ni ìyá àwọn gbà lọ sí ibi ìlọkà. Ọmọ-ìdílé ọlọ́lá tí ó ni Kinder Scout nígbà náà wá tọrọ àforíjì ní gbangba ní ọdún 2002, lẹ́yìn 70 ọdún. Bí 20 ọdún bá tó sọ ọ̀nà di ti ìlú lọ́dọ̀ àwọn yẹn, ọ̀nà Tokpa, tí a ti ń rìn láti ọdún 1963, ti gba ẹ̀tọ́ náà ní ìlọ́po mẹ́ta.

Kútọnu kò ṣàì ní ìjà ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Patrice Talon kò tí ì pé ọdún kan lórí oyè, wọ́n kéde pé kí gbogbo ẹni tí ó bá fi ìsọ̀, àgánrándì, ọgbà tàbí pákó gba ilẹ̀ ìlú kó o kúrò kí ọdún 2016 tó parí, ní oṣù kìíní ọdún 2017 sì ni katakata bọ́ sí títì, tí ọ̀gbẹ́ni Modeste Toboula, alákòóso àgbà ìpínlẹ̀ Littoral nígbà náà, ń darí rẹ̀ ní Kútọnu. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n arọ tí kò ní ibi tí yóò sá sí, ìgbọ́n kí ni yóò gbọ́n? Àwa kò sí lára àwọn tí ó ní ìkà pátápátá ni iṣẹ́ náà. Ojú ọ̀nà hàn, afọ́jú àti aláboyún rí ibi tí wọn yóò tẹ̀, àwọn títì kan tí a tẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣeé rìn, ẹni tí ó bá sẹ́ èyí kò sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé òṣùbà fún iṣẹ́ tí ó lé obìnrin kúrò lójú títì láìkọ́kọ́ fi ibi tí yóò tẹ́ àtẹ rẹ̀ hàn án. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Èkó ti ṣe irú rẹ̀ ní Òṣòdì ní oṣù kìíní ọdún 2009, tí ìjọba Fáṣọlá tú ibẹ̀ ká tí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, katakata tún padà wá wó ọjà Owónífáàrí mọ́lẹ̀ ní Òṣòdì kan náà. Ẹni tí ebi ń lé kì í gbọ́ fèrè ọlọ́pàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé ìjọba a máa fi ẹnu méjì bá ọlọ́jà ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀. Bí agbowó bá dé ní àárọ̀ tí ó gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìyá tí ó tẹ́ ẹní sórí ọ̀dà, ó ti gbà pé ìyá náà jẹ́ ọlọ́jà, ibi tí ó jókòó sí sì jẹ́ ọjà. Bí ọlọ́pàá bá wá fọ́n àtẹ rẹ̀ ká ní ọ̀sán nítorí pé ojú ọ̀nà ni, owó àárọ̀ yẹn, kí ni a ó pè é? Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n tajà lójú ọ̀nà, kí ó má gba owó ojú ọ̀nà. Ìwé òfin àgbà orílẹ̀-èdè Benin, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ nínú orí 25 rẹ̀ pé òmìnira láti lọ àti láti bọ̀ jẹ́ ti olúkúlùkù, ó sì sọ nínú orí 22 pé a kì í gba ohun ìní ẹni lọ́wọ́ rẹ̀ àfi fún ire gbogbo ìlú, lẹ́yìn tí a bá ti san ohun tí ó tọ́ fún un ṣáájú. Alábàárù ni orí kìíní nínú méjèèjì yìí ń bá sọ̀rọ̀, onísọ̀ ni èkejì. Kò sì sí ibi tí òfin ti ní kí ọ̀kan pa èkejì jẹ.

Àwọn ọlọ́jà pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ó sì wí i bí wọn kò tilẹ̀ ní ra ìwé ìròyìn wa lọ́la. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ nínú ilé, tí ó tún gbé tábìlì síwájú ìsọ̀, tí ó tún fún ọmọ rẹ̀ ní àtẹ kí ó gbé e síwájú tábìlì, tí ó wá ń bú onímọ́tò pé kò rí iwájú, kí ni ó fẹ́ kí a sọ? Àwọn aláṣọ tí wọ́n ní ẹgbẹ́ àti ọrọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe èyí jù, kì í ṣe ìyá tí ó jókòó ti abọ́ ata kan. Bí iná bá sọ, èyí tí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó sọ, ojú ọ̀nà tí a ti fi tábìlì dí ni ọkọ̀ panápaná yóò bá. Ará Lomé kò gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2013, nígbà tí ọjà ńlá wọn jóná.

Ohun tí a ń béèrè kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Kí a tó gbé páànù kan kúrò ní Tokpa, kí ilé ìjọba ìlú Kútọnu àti àjọ tí ń bójú tó àwọn ọjà rán àwọn ayàwòrán ilẹ̀ wọ inú ọjà, kí wọ́n má ṣe dá lọ, kí àwọn ìyálójà, àwọn alábàárù, àwọn ọmọlanke àti àwọn atukọ̀ Ganvié mú wọn rìn ín, kí wọ́n kọ orúkọ tí ará ọjà ń pe ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọn ìbú rẹ̀, kí wọ́n sì fi í sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò. Kí èbúté àwọn ọlọ́kọ̀ pẹẹrẹ wà nínú rẹ̀ ju ohun gbogbo lọ, nítorí pé etí omi ni àwọn olówó yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí nígbà tí ilẹ̀ náà bá ṣófo, kò sì sí ohun tí ó rọrùn tó kí a fi ọgbà yí etí ọ̀sà ká kí a kọ ọ́ sára ẹnu ọ̀nà pé àwọn àlejò nìkan ni ó lè wọlé. Ohun tí ó bá wáyé lórí ilẹ̀ Tokpa lọ́la, ìbáà ṣe ilé àlejò, ìbáà ṣe ọgbà ìgbafẹ́, ẹni tí ó bá ti Sô-Ava wá gbọ́dọ̀ lè gúnlẹ̀, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé títì Saint-Michel láìsan owó bodè. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó wà fún Akassato àti fún gbogbo àwọn ọjà tuntun pẹ̀lú, kí ìsọ̀ tó gba ibi tí ọ̀nà ì bá gbà. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ná Tokpa, ẹ̀yin ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́, ará Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó àti Ìbàdàn wá, iṣẹ́ yìí kàn yín. Ẹni tí ó bá ti dàgbà tó láti rántí ibi tí ìyá rẹ̀ gbà wọ ọjà ní 30 tàbí 40 ọdún sẹ́yìn nínú yín, kí ó wá ẹnì kan tí ó mọ Faransé kọ, kí wọ́n jọ kọ ọ̀nà náà sílẹ̀, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìjọba ìlú, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí pé a ti gbà á lọ́wọ́ wọn.